Ẹ béèrè ibi tí ìyókù lọ: ẹ̀kọ́ fún ẹ̀yin àbúrò mi nínú fisíìsì

Ẹ̀yin àbúrò mi, wọ́n á kọ́kọ́ kọ́ yín pé kálukú pírótọ́ọ̀nù àti niutírọ́ọ̀nù inú kókó átọ́ọ̀mù ló dúró sí àyè tirẹ̀. Òótọ́ pọ̀ nínú ẹ̀. Àlàyé yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel fún Maria Goeppert Mayer àti Hans Jensen ní 1963. Ẹ kọ́ ọ dójú àmì. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gbá pírótọ́ọ̀nù jáde ní Amsterdam, tí wọ́n sì kà wọ́n ní àyè kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta iye tó yẹ kó wà níbẹ̀ péré ni wọ́n bá.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nìyí: bí ìṣirò kò bá pé, ẹ má fi nọ́ńbà kan dí i kí ẹ kọjá. Ẹ béèrè ibi tí ìyókù lọ.

Apá kan nínú rẹ̀ wà lára àwọn tó ń so pọ̀ ní méjì-méjì. Méjì á súnmọ́ra gan-an fúngbà díẹ̀, ọ̀kan á máa sáré síhìn-ín, èkejì sọ́hùn-ún, momentum wọn (ìwúwo wọn ní ìlọ́po eré tí wọ́n ń sá) á sì kọjá 250 MeV/c (òṣùwọ̀n momentum) tó yẹ kó jẹ́ òpin. Ìwádìí Jefferson Lab, ilé ìwádìí fisíìsì kan ní Virginia ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2008 fi hàn pé nínú kábọ̀n-12, nǹkan bí 20% àwọn pírótọ́ọ̀nù àti niutírọ́ọ̀nù ló ń so pọ̀ báyìí. Ti pírótọ́ọ̀nù àti niutírọ́ọ̀nù pọ̀ ju ti pírótọ́ọ̀nù méjì lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 18! Agbára tẹ́ńsọ̀, apá kan nínú agbára tó so kókó pọ̀, ló fà á: àwọn tí spin wọn (ìyípo abínibí wọn) kọjú síbì kan náà ló ń mú, òfin Pauli (pé méjì irú kan náà kò lè wà ní ipò kan náà) kì í sì í jẹ́ kí pírótọ́ọ̀nù méjì tó súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ ṣe é.

Ẹ wá wo òjé: pírótọ́ọ̀nù 82, niutírọ́ọ̀nù 126. Bí obìnrin bá pọ̀ ju ọkùnrin lọ níbi ijó oníméjì-méjì, ọkùnrin ni kì í ráyè jókòó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìwádìí 2018 rí i: bí niutírọ́ọ̀nù ṣe ń pọ̀ sí i ni ìpín àwọn pírótọ́ọ̀nù tó ń sáré àsápajúdé ń ga sí i. Ẹni tó bá ń ṣírò ìràwọ̀ niutírọ́ọ̀nù (òkú ìràwọ̀ tó kún fún niutírọ́ọ̀nù) kò gbọ́dọ̀ fojú kéré pírótọ́ọ̀nù díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra níbì kan o. Láti 1983 ni CERN, ilé ìwádìí fisíìsì ilẹ̀ Yúróòpù, ti rí i pé ìrìn àwọn quark (ègé kéékèèké tó para pọ̀ di pírótọ́ọ̀nù àti niutírọ́ọ̀nù) inú kókó yàtọ̀ sí ti inú diutẹ́ríọ́ọ̀mù, tí kókó rẹ̀ jẹ́ pírótọ́ọ̀nù kan àti niutírọ́ọ̀nù kan péré. Ní 2011, àwọn olùwádìí fi hàn pé kókó tí ìsopọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà ti lágbára jù. Bóyá ọ̀kan ló fa èkejì, àbí nǹkan mìíràn ló fa méjèèjì, àríyànjiyàn ṣì wà lórí ẹ̀. Ẹ ka ti ìhà méjèèjì kí ẹ tó kọ "ló fà á" sínú tíísìsì yín.