A ó Gba Brenner
Láti ilé wa ní Kàbà, níbi tí òkè ti yí wa ká, ni èmi àti ìyàwó mi ti ń ṣètò bí a ó ṣe fi ọkọ̀ la òkè Alps kọjá pẹ̀lú àwọn ọmọ nígbà tí a bá lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Munich. Ọ̀nà Stelvio ní Ítálì ló kọ́kọ́ wù mí, àmọ́ ó ga tó mítà 2,757, ìhà àríwá rẹ̀ nìkan sì ní kọ́nà 48. Àbíkẹ́yìn wa kì í sì í dé Ọ̀bájànà kí ó tó bì, pẹ̀lú èèpo ọsàn tí ìyá rẹ̀ ń fi sí i nímú. Brenner, ọ̀nà orí òkè tó wà láàárín Ọ́sítríà àti Ítálì, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1,370, ni a yàn. Ẹ̀gbọ́n mi ti kìlọ̀ pé owó ọ̀nà ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti sítíkà Ọ́sítríà, èyí tí awakọ̀ ń rà kí ó tó lè gba ọ̀nà márosẹ̀ wọn.