Wọ́n tú plâtre, wàhálà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kí mi kú oríire látìgbà tí wọ́n ti tú plâtre (ohun funfun líle tí wọ́n fi ń di egungun tó kán) lẹ́sẹ̀ mi, ẹ ṣé o, àmọ́ ibi tẹ́ ẹ rò pé ó parí sí yẹn gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó wà níbẹ̀, mo kàn jókòó ni, ará ilé ń gbé oúnjẹ wá. Ìgbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ gé e tán, háà! Ẹran ẹ̀yìn ojúgun ti joro, ṣòkòtò ń fì lára ẹ̀, awọ ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, òórùn ẹ̀ ẹ má wulẹ̀ bèèrè, ọrùn ẹsẹ̀ wá le gbagidi.

Egungun ojúgun ló kán, èyí tó tóbi nínú méjèèjì. Dókítà ní kó tó so dáadáa ó lè gba oṣù 3 sí 6, torí nǹkan rírọ̀ ló kọ́kọ́ máa ń hù bo ojú ibi tó kán, ìyẹn lá wá máa le díẹ̀díẹ̀ di egungun. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò gbọ́ ìyẹn o, wọ́n ṣáà ní kí n lọ bá teegun-teegun kan ní Àjàrá, tó máa ṣẹ́ adìẹ lẹ́sẹ̀, á máa tọ́jú adìẹ á máa tọ́jú èèyàn, lọ́jọ́ tí adìẹ bá rìn, èèyàn náà á dìde. Mi ò bú àwọn teegun-teegun, wọ́n ti to egungun ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n egungun adìẹ máa ń yára so ju tèèyàn lọ, ta ló fẹ́ bá adìẹ sáré? Dídì tí wọ́n ń dì í pinpin ló bà mí lẹ́rù jù, tó bá fún jù, tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti tutù tí ò mọ nǹkan kan lára mọ́, ẹsẹ̀ lè jẹrà, gígé ló kù.

Ti ṣáláńgá ńkọ́? Ìlóṣòó ò ṣeé ṣe, gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò wa ní Wàǹdó ló lu ihò sáàárín àga onígi kan fún mi, tí wọ́n bá ń gbé e kọjá níwájú àlejò, mo máa ń ṣe bí ẹni tó ń wo fóònù ni. Ìrun náà, orí àga ni (àga mìíràn o).

Kiné, ìyẹn ẹni tó ń kọ́ mi ní ìrìn padà, ló kù tó ń fi ojú mi rí màbo báyìí. Ó ní ọ̀pá kan ṣoṣo ni kí n máa lò, kí n sì mú un sọ́wọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tó kán. Lórí àtẹ̀gùn, tí mo bá ń gòkè, ẹsẹ̀ tó dáa ni kó ṣáájú, tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀, èyí tó kán ni.

Dókítà ní tí fọ́tò egungun tó ń bọ̀ bá dáa, mo lè gun zem (ọ̀kadà) padà. Ìyàwó mi ní dókítà ló gbà, òun ò tíì gbà.