Láti Houston dé aṣálẹ̀ Arizona: ohun tí pákó inú RV (ọkọ̀ onílé) wa ń fẹ́

Fort Stockton, ní ìwọ̀ oòrùn Texas, la dé tí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù òkè síǹkì, èyí tó máa ń há ní Houston títí a ó fi fi ọwọ́ méjì fà á, ṣí wọ́ọ́rọ́ bí ìyàwó mi ṣe fi ìka kan kàn án. Inú rẹ̀ dùn. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ilẹ̀kùn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pákó tí omi ara rẹ̀ bá ń gbẹ lọ báyìí yóò fi í hàn níbòmíràn láìpẹ́.

Oṣù Bélú la kúrò nílé. Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ gba Interstate 10 láti Houston lọ sí ìwọ̀ oòrùn á mọ bí ilẹ̀ ṣe ń yí padà lójú ọ̀nà náà. Texas nìkan gba nǹkan bíi máìlì 880 lórí títì yẹn. Ní Houston, afẹ́fẹ́ máa ń rin débi pé aṣọ tí a sá lálẹ́ kò ní gbẹ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí a ṣe kọjá San Antonio tí a gba Junction, igi ń kúrú, òkè ń yọrí. Nígbà tí a fi máa dé ibi tí wọ́n ti gbà kí mọ́tò sáré máìlì 80 ní wákàtí kan, ètè wa ti ń là. Ẹ rántí ọyẹ́ nílé: bí ilẹ̀kùn yàrá tó há ní oṣù Agẹmọ ṣe máa ń mì gbọ̀ngbọ̀n nínú férémù rẹ̀ tó bá di oṣù Ọ̀pẹ. Ohun kan náà ni, àfi pé ọyẹ́ ti aṣálẹ̀ Chihuahua kì í kó ẹrù rẹ̀ lọ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀.

RV wa ti pẹ́ láyé. Ọwọ́ tọkọtaya àgbàlagbà kan tí wọn kò fẹ́ rìnrìn àjò mọ́ la ti rà á, igi inú rẹ̀ ló sì fà wá: àwọn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù jẹ́ igi cherry gidi, tábìlì ìjẹun jẹ́ oak. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ onílé, pláíwúùdù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n lò, tí wọ́n wá lẹ bébà tàbí ike tí wọ́n tẹ àwòrán igi sí mọ́ ọn lára. Ti wa náà ní irú rẹ̀ lára ògiri. Kí onírú ọkọ̀ yìí tó ra ìgò òróró igi kankan, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ ni èwo ni igi, èwo ni àwòrán igi. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ wo etí rẹ̀. Tí ìlà tó wà lójú pákó bá yí wọ etí, tó sì jáde lẹ́yìn, igi ni. Tí ẹ bá rí ibi tí bébà ti parí, tàbí tí kókó igi kan náà ń jáde lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta lára ògiri kan ṣoṣo, àwòrán ni. Òróró kò lè wọ ike. Orí rẹ̀ ni yóò wà, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, tó bá sì ráyè wọ abẹ́ etí rẹ̀, gọ́ọ̀mù á tú. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti aṣọ tí a fún gbẹ dáadáa tó fún ìyẹn.

A sùn ní Balmorhea. Ibẹ̀ ni ìsun San Solomon wà, omi rẹ̀ mọ́ gaara, ẹ̀ẹ̀rùn tàbí òtútù kì í fi bẹ́ẹ̀ yí i padà. Àwọn ọ̀dọ́ Civilian Conservation Corps, ètò iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà nígbà náà, ló mọ odi yí i ká ní àwọn ọdún 1930, tó fi di adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Ìyàwó mi wà nínú rẹ̀ títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀. Nígbà tó wọlé tó tan iná ló pè mí.

“Dádì, ẹ wá wò ó. Ilẹ̀kùn yìí ti ń sán o!”

Ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó àárín ilẹ̀kùn, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Kò sán, Màmí. Ó súnkì ni.”

Irú ilẹ̀kùn yìí, férémù ló yí pákó fífẹ̀ kan ká. Kápẹ́ńtà tó mọṣẹ́ kì í fi gọ́ọ̀mù lẹ pákó àárín yẹn mọ́ férémù. Inú kòtò tó gbẹ́ sára férémù ló máa ń kì í bọ̀, kó lè ráyè fẹ̀, kó sì ráyè súnkì. Igi kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà ní gígùn, ìbú rẹ̀ ló ń yí. Forest Products Laboratory ti ìjọba Amẹ́ríkà, tó wà ní Madison ní Wisconsin láti ọdún 1910, ti wọn gbogbo èyí. Níbi tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ti jẹ́ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, omi inú igi á tó ìdá 13 ìwọ̀n igi gbígbẹ náà. Tí afẹ́fẹ́ bá lọ sí ìdá 30, omi yẹn á fà wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 6. Pákó cherry tó fẹ̀ tó ínṣì 12 lè tipa bẹ́ẹ̀ dín ní ohun tó ju mílímítà 4 lọ. Fáníìṣì á mú kó pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀, kò lè dí i lọ́nà. Ìlà funfun tí ìyàwó mi rí ni etí pákó tó ti wà nínú kòtò látọjọ́ tí wọ́n ti kùn ún, tí àwọ̀ kò dé ara rẹ̀ rí.

Mo ti rí àwọn tó ń fi gọ́ọ̀mù tàbí pọ́tì dí irú ìlà bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Tí ọkọ̀ bá padà dé ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń rin, pákó á fẹ̀, kò ní rí ibi tí yóò gbà, ìgbà yẹn gan-an ni yóò wá là. Bùrọ́ọ̀ṣì kékeré ni mo mú, mo fi àwọ̀ igi tó bá cherry mu kun etí náà nígbà tó ṣì súnkì. Tó bá padà fẹ̀, á gbé àwọ̀ rẹ̀ wọ kòtò lọ. Tó bá tún súnkì lọ́dún tó ń bọ̀, kò sí ìlà funfun tí ẹnikẹ́ni máa rí.

A kọjá Van Horn, aago fi wákàtí kan padà sẹ́yìn, a kọjá El Paso. Ní Las Cruces a yà lọ wo White Sands, tí wọ́n sọ di National Park ní oṣù Ọ̀pẹ 2019. Gypsum, òkúta rírọ̀ kan, ni iyanrìn ibẹ̀, funfun báláú, àwọn ọmọdé ń jókòó sínú àwo ike, wọ́n ń yọ̀ látorí òkìtì rẹ̀ wálẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nu nǹkan kan nínú ọkọ̀. Gypsum rọ̀, ṣùgbọ́n eruku ojú ọ̀nà tó bá a wọlé ní iyanrìn líle nínú, òun ló ń ha fáníìṣì. Ẹ kọ́kọ́ fi vacuum tó ní bùrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fà á kúrò.

Láti Tucson, ní Arizona, ni mo ti fi àwòrán àwọn ilẹ̀kùn náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn. Kápẹ́ńtà ni, ọwọ́ àwọn àgbà tó ń fi ewé ìpín dán igi ló sì ti kọ́ṣẹ́.

“Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ṣé ẹ rí i?”

“Mo rí i. Wọ́n á ti ní kí o fi òróró pa á, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà. Gbogbo ẹni tí mo bá bá sọ̀rọ̀ níbí ló ń sọ pé òùngbẹ òróró ń gbẹ igi náà.”

“Kán omi lé e ná. Omi ló gbẹ lára igi, kí lòróró fẹ́ bá a ṣe?”

Mo kán omi lé e níbi púpọ̀. Níbi tí ẹ̀kán omi bá ti dúró roboto lórí pákó, fáníìṣì ibẹ̀ ṣì pé, òróró kankan kò lè gba ibẹ̀ wọlé. Níbi tó bá ti mu omi, tó ṣókùnkùn, igi ti wà níhòòhò níbẹ̀. Nínú ọkọ̀ wa, gbogbo ojú ilẹ̀kùn ló pé, àyàfi àyíká ibi tí ọwọ́ ti ń di ilẹ̀kùn mú, ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù síǹkì, àti etí pákó tí ẹsẹ̀ ń gbá nígbà tí èèyàn bá ń gòkè wọlé. Ibi mẹ́ta yẹn nìkan ló ń fẹ́ ìtọ́jú igi. Èyí tó kù ń fẹ́ kí a fọ̀ ọ́, kí a sì fi í sílẹ̀. Nígbà tí mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi, ó ní òun ti mọ̀ látàárọ̀.

Ọ̀rọ̀ òróró yìí gba kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, torí àwọn ará ilé tó rí àwòrán náà lórí WhatsApp ti dárúkọ òróró ẹ̀pà, àdí àti òrí. Àwọn wọ̀nyí kì í gbẹ. Wọ́n á wà lára igi, wọ́n á máa fa eruku, ooru inú ọkọ̀ á sì mú kí èyí tó jẹ́ ti jíjẹ nínú wọn kan, kó máa rùn nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń kó ìrẹsì sí. Epo tó ń gbẹ lára igi ni epo linseed àti tung, tí wọ́n ń fún láti ara irúgbìn. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń fà sára tí wọ́n fi ń le, ooru sì ń jáde lára wọn bí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àkísà tí a fi pa wọ́n, tí a wá ká jọ sí kọ̀rọ̀, lè gbóná títí yóò fi gbiná fúnra rẹ̀, láìsí ìṣáná. Ní ọjọ́ 23 oṣù Èrèlé 1991, irú àkísà epo linseed bẹ́ẹ̀, tí àwọn tó ń tún pákó ara ògiri ṣe fi sílẹ̀, dáná sí ilé gogoro One Meridian Plaza ní Philadelphia. Àwọn panápaná mẹ́ta kú níbẹ̀. Ilé alájà 38 nìyẹn. RV tó ní gáàsì lára, tí ènìyàn ń sùn nínú rẹ̀, kò tó nǹkan tí iná máa fi ṣeré. Ẹni tó bá fẹ́ lo epo linseed, kó na àkísà náà gbalaja síta, ọ̀kan ọ̀kan, títí yóò fi gbẹ tí yóò fi le, tàbí kó rì í sínú agolo irin tó kún fún omi. Èmi pinnu pé epo yẹn kò ní wọ inú ọkọ̀ mi rárá.

Ìda ni mo lò. Mo kọ́kọ́ fi ọṣẹ ìfọwo díẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo fún aṣọ náà títí kò fi kán mọ́, mo fọ àyíká ibi ìdìmú, níbi tí òógùn ọwọ́ àti ọ̀rá oúnjẹ ti dì mọ́ra dúdú. Mo nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀. Níbi tí ẹni tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ ti fi nǹkan dídán fín igi léraléra, mo fi mineral spirits díẹ̀, omi tí àwọn akunlé fi ń fọ ọ̀dà, nù ún, pẹ̀lú gbogbo fèrèsé ní ṣíṣí àti gáàsì ní pípa. Mo wá fi ìda oyin tí wọ́n po mọ́ ìda carnauba, èyí tí wọ́n ń rí lára ewé ọ̀pẹ kan ní ìhà àríwá ìlà oòrùn Brazil, pa ibi tí igi ti hòòhò. Fẹ́lẹ́ ni mo pa á, mo jẹ́ kó dúró díẹ̀, mo fi aṣọ mìíràn dán an. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ohun fínfín tó ní silicone: igi á dán lónìí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tún un kùn, fáníìṣì tuntun kò ní fẹ́ dúró lójú rẹ̀, á máa sá sẹ́yìn, á ya ihò róbótó róbótó.

Quartzsite la ti wá mọ̀ pé oòrùn àti afẹ́fẹ́ lágbára ju gbogbo ìgò inú àpótí mi lọ. Ìlú kékeré ni, nítòsí ààlà California, àmọ́ láti ọjọ́ 15 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ títí di ọjọ́ 15 oṣù Igbe ni ilẹ̀ ìjọba ní La Posa ń gba àwọn onílé inú ọkọ̀ bíi tiwa, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ nínú aṣálẹ̀. Kò sí iná mànàmáná tí a lè so mọ́ ọkọ̀. Gíláàsì iwájú RV tóbi bí ògiri yàrá, nítorí náà a kọ ojú rẹ̀ sí àríwá, a fi aṣọ tó ń dá oòrùn padà bo fèrèsé tó kọjú sí gúúsù. Igi cherry ń ṣókùnkùn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bà á. Ibi tí ẹni tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ gbé kàlẹ́ńdà kọ́ sí lára ilẹ̀kùn kan ṣì mọ́lẹ̀ ju ìyókù lọ. Ìyẹn kò burú, àsìkò á mú un dọ́gba. Èyí tó burú ni ibi tí oòrùn ti jẹ fáníìṣì fúnra rẹ̀, tó ń ṣí pẹ́pẹ́ẹ́pẹ́, torí kò sí ìda tó lè dá a padà.

Hygrometer kékeré, ohun èlò tó ń wọn ọ̀rinrin afẹ́fẹ́, tí mo fi kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì já wálẹ̀ dé ìdá 18 lọ́sàn-án ọjọ́ kan, pẹ̀lú òtútù òru tí a fi hítà lé tó tún ń mú afẹ́fẹ́ inú ilé gbẹ sí i. Ìyàwó mi ló wá ojútùú rẹ̀: ó ń sá àwọn aṣọ tó fọ̀ sínú ọkọ̀ dípò kó sá wọn síta, ó sì ń se ẹ̀wà lálẹ́, ìkòkò ní ìdérí tó ṣí díẹ̀. Gáàsì tó ń jó pàápàá ń bí omi, ju kílò kan àbọ̀ lọ nínú kílò gáàsì kan, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ torí ìyẹn ti fèrèsé pa nígbà tó bá ń dáná. Aṣọ àti ẹ̀wà yẹn gbé wa dé nǹkan bí ìdá 30. Ní aṣálẹ̀, mo gbà pé ó tó. Ìdá 35 sí 50 ló dára jù, àmọ́ ohun tó ń ba igi jẹ́ gan-an ni kó máa fò láti orí 70 sí 18 kó sì tún padà, léraléra.

Ó ku ibi dúdú kan lórí tábìlì oak, lábẹ́ fèrèsé. Oak ní tannin. Tí omi bá gbé irin dé ara rẹ̀, á di dúdú bí yíǹkì. Omi ń gba etí fèrèsé wọlé, ó ń gba ara síkúrù kọjá. Ásíìdì oxalic lè wẹ irú dúdú bẹ́ẹ̀ kúrò, lẹ́yìn tí a bá ti ha fáníìṣì ibẹ̀ kúrò, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ torí májèlé ni. Ṣùgbọ́n tí fèrèsé bá ṣì ń jò, iṣẹ́ òfo ni. Mo ti ra butyl tape, téèpù rírọ̀ tí a fi ń dí ibi tó ń jò. Tí a bá dé Houston, mà á tú fèrèsé yẹn, mà á pààrọ̀ gbogbo ohun tí wọ́n fi dí etí rẹ̀, mà á rọ omi lé e níta kí n rí i pé kò jò mọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo máa tó fọwọ́ kan tábìlì.