“Gẹ̀ẹ́sì ló wá ń kà”

Inú mi ò dùn lónìí, ó sì ń bí mi nínú pé inú mi ò dùn, torí ohun tó fà á ò tó nǹkan. Èèyàn kan sọ̀rọ̀, mo gbọ́. Èmi kọ́ ló ń bá sọ ọ́. Ká ní èmi ló bá sọ ọ́ ni, ǹ bá ti fèsì, ọ̀rọ̀ ì bá sì ti tán.

Màmá Ẹlẹ́kọ ni. Mo ti kúnlẹ̀ kí wọn, mo ti gba ẹ̀kọ mi, wọ́n tiẹ̀ ti fi ọ̀kan ṣe ènì fún mi bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí n tún báàgì mi dì, ni mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún obìnrin tó jókòó tì wọ́n pé, “Ọmọ tó mọ̀wé báyìí, Gẹ̀ẹ́sì ló wá ń kà.” Obìnrin yẹn pòṣé. “Ṣé wọn ò fún un ní nọ́ọ̀sì ni?” “Bóyá máàkì ẹ̀ ni ò gbé e.” Bí wọ́n ṣe bọ́ sórí ọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń ta àgbàdo nìyẹn.

Ìyókù ọjọ́ náà: kíláàsì kan wáyé, èkejì ò wáyé. Mo pẹ́ ní láíbìrì. Iná dé, iná lọ.

Bí wọ́n bá bú mi ni, mo mọ bí wọ́n ṣe ń gba èébú. Wọn ò bú mi. Wọ́n káàánú mi. Ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́, ohùn tí a fi ń sọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n jí ẹrù ẹ̀ gbé lọ́jà ni. Ẹni tí wọ́n ń ṣàánú, kí ló fẹ́ sọ? Ṣé á ní kí wọ́n má ṣàánú òun mọ́?

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ni mo mú un. Ọ̀pọ̀ nínú kíláàsì wa, lọ́ọ̀ ni wọ́n fẹ́ kà, máàkì ò gbé wọn débẹ̀, wọ́n wá bá ara wọn lọ́dọ̀ wa. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sípò kìíní nínú fọ́ọ̀mù JAMB, ojú mi là sílẹ̀, mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Tíṣà kan ló ka eré Ola Rotimi tó dá lórí ọba kan tó ń jẹ́ Ọdẹ́wálé sí wa létí ní SS2, láìdánudúró ṣàlàyé nǹkan kan, títí ó fi kà á tán. Nígbà tí agogo lù, kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ dìde. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ ṣe, iṣẹ́ wíwá ìdí tí a ò fi dìde.

Ọ̀rọ̀ Ọdẹ́wálé yẹn náà ló wà níwájú mi báyìí, torí Ọjọ́bọ̀ la máa fi àròkọ sílẹ̀. Wọ́n ní ká fi eré Ola Rotimi, The Gods Are Not to Blame, wé Oedipus Rex, eré Sophocles ará Gíríìsì, tó ti lé ní 2,400 ọdún. Gbogbo èèyàn ló máa kọ ọ́ pé ìtàn kan náà ni: ọba, àjàkálẹ̀ àrùn, ọmọ tó pa bàbá ẹ̀ tó sì fi ìyá ẹ̀ ṣaya. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra ni mo ń wò. Ní ti Sophocles, ọ̀nà ni wọ́n jà lé lórí, ta ló máa yà fún ta. Rotimi wá gbé oríta mẹ́ta náà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹdẹ, nítòsí wa níbí, ó sọ ìjà náà di ìjà oko àti iṣu. Síbẹ̀, kì í ṣe iṣu ló pa bàbá àgbà tí Ọdẹ́wálé bá jà níbẹ̀, bàbá tó bí i tí kò mọ̀. Ẹnu ẹ̀ ló pa á. Ó tàbùkù ẹ̀yà tí Ọdẹ́wálé ti wá, ibẹ̀ sì ni ojú Ọdẹ́wálé ti pọ́n. Ẹni tó fara da gbogbo ìyókù, ọ̀rọ̀ kan ni kò lè gbé mì.

1968 ni àwọn òṣèré Ori Olokun kọ́kọ́ gbé eré náà jáde ní Ifẹ̀, nígbà tí ogun Biafra ń lọ lọ́wọ́, tí ará ìlú ń para wọn nítorí ẹ̀yà. Tí èèyàn bá rántí ìyẹn, kò ní ka ìran Ẹdẹ yẹn gẹ́gẹ́ bí ìjà oko lásán mọ́. Ìpínrọ̀ mi kejì nìyẹn. Ó dá mi lójú pé ó dáa.

Àrúbídí ni Ori Olokun, ibi tí wọ́n ti ń ṣeré náà, wà, láàárín ìlú, kì í ṣe inú ọgbà yunifásítì. Ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń rìn débẹ̀ láti ibi tí Màmá Ẹlẹ́kọ ń jókòó. Àwọn tó ń ṣeré níbẹ̀ kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan, ará ìlú wà nínú wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni eré náà, Gẹ̀ẹ́sì tí òwe àti orin Yorùbá kún inú ẹ̀, àwọn ará Ifẹ̀ sì wá wò ó. Ta ló mọ̀ bóyá ìyá Màmá Ẹlẹ́kọ wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan? Mi ò lè béèrè. Bí mo bá béèrè, wọ́n á rò pé mo ń fèsì.

Nǹkan kan wà tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́kíṣọ̀ tó ń kọ́ wa ní àròkọ kíkọ ní ká wo ohun kan, ká kọ ọ́ kún ojú ewé kan, ká má sọ pé ó dára, ká má sọ pé ó burú, ká sáà kọ ohun tí ojú wa rí. Ọwọ́ Màmá Ẹlẹ́kọ ni mo kọ. Bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ nu ewé, tí wọ́n á ká a mọ́ ọwọ́ òsì kí ìdí ẹ̀ lè pé, tí wọ́n á bu ẹ̀kọ gbígbóná sí i, tí wọ́n á tẹ ẹnu ewé sábẹ́, tí wọ́n á sì tò ó ti èyí tó ṣáájú kó má baà ṣubú. Àtàǹpàkò wọn a máa kan ẹ̀kọ gbígbóná yẹn, wọn kì í sì í fa ọwọ́ yẹn sẹ́yìn. Wọn kì í wo ọwọ́ ọ̀hún rárá, ojú oníbàárà ni wọ́n ń wò. Lẹ́kíṣọ̀ fa ìlà sábẹ́ ibi àtàǹpàkò yẹn, ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pé kí n máa wò bẹ́ẹ̀ lọ.

Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́. Màmá ò lè kà á. Mo rò ó lónìí pé kí n jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ kan, kí n sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn ní Yorùbá, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Mo tún rò ó pé rárá. Kí ni mo fẹ́ kí wọ́n sọ? “O ṣeun”? Wọ́n mọ bí ọwọ́ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Òótọ́ tiẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, mi ò lè sẹ́ ẹ. Owó tí Mọ́mì ń san, mo mọ ibi tó ti ń wá. Ọmọ Àǹtí tó ka nọ́ọ̀sì ti ń fowó ránṣẹ́ sílé. Lẹ́yìn ìsìnlú, kí ni? Mo mọ ìdáhùn tí gbogbo wa máa ń fẹnu sọ: tíṣà, oníròyìn, ilé iṣẹ́ rédíò. Lálẹ́ òní, ìdáhùn náà ò wọ̀ mí létí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Babs Fáfúnwá, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, tún ń sọ sí mi lọ́kàn. Ní 1970, ní St. Stephen’s ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, tíṣà tó kọ́ ọ dójú àmì ló ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì náà. Ẹnìkan ní láti jẹ́ tíṣà yẹn. Ẹni tó bá rò pé Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kà, á ní láti sọ ibi tí irú tíṣà bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ni. Mi ò fẹ́ràn ariwo kíláàsì. Àmọ́ tí mo bá rántí ọjọ́ tí a ò dìde yẹn…

Ó tó gẹ́ẹ́. Kò sí ohun tí Màmá ṣe tó burú. Lọ́la, màá tún ra ẹ̀kọ.

Ìpínrọ̀ mi kẹta ló kù tó ń yọ mí lẹ́nu. Nínú kíláàsì, ẹjọ́ ta ni la máa ń dá: òrìṣà ló jẹ̀bi ni, àbí Ọdẹ́wálé? Kò sẹ́ni tó ń béèrè Ojúọlá, ìyá Ọdẹ́wálé. Wọ́n gba ọmọ ọwọ́ rẹ̀ lọ sínú igbó, wọ́n fi í fún ọba tuntun, àwọn ẹlòmíì ló ń pinnu ohun tó dára fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a wá kà á tán, à ń jiyàn nípa àwọn ọkùnrin. Mo fẹ́ yí apá tó kù nínú àròkọ náà sórí ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ka iṣẹ́ yìí ṣáájú mi, tẹ́ ẹ bá mọ ìwé kan tó sọ̀rọ̀ nípa Ojúọlá nìkan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tó mi létí kí Ọjọ́bọ̀ tó dé.