Àyẹ̀wò ọdún mi: ilé búlọ́ọ̀kù àti kíláàsì òpin ọ̀sẹ̀

Ọdún ti ń parí lọ. Ọyẹ́ ti dé sí Ìlọrin, ètè ń bó, eruku ti bo gbogbo ìta. Alihamudulilahi, ẹ̀mí wa rí i. Lọ́dọọdún ni mo máa ń jókòó kọ ohun tí ọdún fún mi àti ohun tó gbà lọ́wọ́ mi. Tọdún yìí, ọ̀rọ̀ kan ló gba iwájú gbogbo ohun tó kù: ẹ̀kọ́ tí mò ń kọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀.

Fún ẹni tí kò mọ̀ mí, ilé búlọ́ọ̀kù ni èmi àti ọkọ mi ń bójú tó lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo. Bàbá ọkọ mi ló dá a sílẹ̀, wọ́n sì ń wá síbẹ̀ láràárọ̀ títí di òní. Mo ti bímọ mẹ́ta kí n tó gba fọ́ọ̀mù páàtì-táìmù fún ND, ìyẹn ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí pólì ń fúnni, nínú Civil Engineering Technology, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ilé, ọ̀nà, afárá àti omi. "Mọ́mì" ni àwọn ọmọ kíláàsì ń pè mí. Àwa obìnrin ò pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi ìyẹn yọ mí lẹ́nu.

Irú ẹ̀kọ́ yìí kò jìnnà sí wa ní Kwara. Láti 1973 ni Kwara Pólì ti wà ní Ìlọrin, nígbà tí Kọ́nẹ́ẹ̀lì David Bamigboye, ọmọ Òmù-Àrán, jẹ́ gómìnà. Pólì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀fà bẹ̀rẹ̀ ní 1992. Ìlànà ẹ̀kọ́ tí NBTE, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ pólì, ń gbé kalẹ̀ láti Kàdúná ni gbogbo àwọn pólì ń tẹ̀ lé, inú ìlànà yẹn sì ni ohun tó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí wà: ẹni tó wá kọ́ nípa kọnkéré gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá òwò sílẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti kọnkéré. Nínú yàrá ìdánwò, a po 1:2:4, sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin. Olùkọ́ gbé kóònù irin kan kalẹ̀ tó ga ní 300 mm, ìdí rẹ̀ fẹ̀ ní 200 mm, ẹnu òkè rẹ̀ jẹ́ 100 mm. Ìpele mẹ́ta la fi kún un. A fi ọ̀pá irin gún ìpele kọ̀ọ̀kan nígbà 25, a gé orí rẹ̀ kó tẹ́, a wá rọra fa kóònù náà sókè. Kọnkéré tó kù nílẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, a sì fi rúlà wọn iye tó fi rọ̀. Olùkọ́ ní kí ẹgbẹ́ kejì bu omi sí tiwọn dáadáa ká lè rí ìyàtọ̀. Bí wọ́n ṣe yọ kóònù báyìí, gbogbo rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹ̀bà tómi pọ̀ jù nínú rẹ̀. A kó méjèèjì sínú àpótí irin 150 mm, a rì wọ́n sínú omi nígbà tí wọ́n dì, a tẹ àwọn kan fọ́ lọ́jọ́ keje, a tẹ ìyókù fọ́ lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Èyí tómi rẹ̀ pọ̀ kò bá ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ jà rárá, kíá ló fọ́. Omi tí sìmẹ́ǹtì nílò láti le kò pọ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù á wá ọ̀nà jáde, ibi tó bá sì gbà jáde á di ihò kéékèèké tójú ò lè rí. Ihò wọ̀nyẹn ló ń jẹ́ kó fọ́.

Mo délé, mo ròyìn fún Bàbá. Wọ́n bu díẹ̀ nínú àpòpọ̀ búlọ́ọ̀kù táwọn ọmọ iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ yí pọ̀, wọ́n fún un mọ́wọ́ pinpin, wọ́n la ọwọ́. Ó dúró gbagidi, omi kankan ò jò láàárín ìka wọn.

"Ìyàwó, ṣé ohun tí ẹ lọ ń fi irin wọ̀n nìyí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, òun náà ni."

Ẹ̀rín pa wọ́n. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí èsì ìdánwò jáde lọ. Ìwé ò wá lé ọgbọ́n àwọn àgbà jáde. Ó wá sọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, kí ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n náà lè rí nǹkan dì mú.

Èyí tí mo ń lò jù nínú gbogbo rẹ̀ kò ná wa ní kọ́bọ̀. Bí típà bá já yanrìn sílẹ̀, mo máa ń bù ú sínú ìgò tó mọ́ gaara, n ó da omi oníyọ̀ díẹ̀ lé e, n ó mì ín dáadáa, n ó sì gbé e síbi tẹ́nikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án fún bíi wákàtí mẹ́ta. Yanrìn á jókòó sísàlẹ̀, ẹrẹ̀ á tẹ́ sórí rẹ̀. Bí ẹrẹ̀ yẹn bá ju ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún gíga yanrìn lọ, àfi ká fọ yanrìn náà tàbí ká dá a padà, torí ẹrẹ̀ kì í jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì di yanrìn mú. Àwọn awakọ̀ típà ti mọ ìgò mi. Kí wọ́n tó bọ́ sílẹ̀ ni wọ́n ti ń pariwo pé, "Àlàájà, tòní mọ́ o, ẹ gbé ìgò yín wá!" Yanrìn tí wọ́n ń já fún wa sì ti dára sí i.

Àsìkò ọyẹ́ yìí gan-an lẹ̀kọ́ náà wúlò jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé gbígbẹ ni búlọ́ọ̀kù ń gbẹ tó fi ń le. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Omi àti sìmẹ́ǹtì ló ń bá ara wọn ṣiṣẹ́. Bómi bá tán, iṣẹ́ náà dúró síbẹ̀, búlọ́ọ̀kù á sì wà bó ṣe wà. Ọyẹ́ tiwa níbí kì í fojú ire wo omi. Torí náà, ká wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ká fi ọ̀rá bò ó lọ́wọ́ oòrùn, kì í ṣe àṣejù. Ṣùgbọ́n owó lomi, owó lọ̀rá, owó ni ọmọ iṣẹ́ tó ń wọ́n ọn. Ta ló ń san án?

Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ òwò ti bá mi. Olùkọ́ náà ní kí kálukú lọ kọ gbogbo ohun tó ń wọnú ọjà tó fẹ́ tà sílẹ̀, láìfo ẹyọ kan. Gbogbo wa tètè kọ sìmẹ́ǹtì, yanrìn, owó ọmọ iṣẹ́. Wọ́n ní ká padà lọ jókòó. Epo ẹ̀rọ ńkọ́? Pákó tí a ń to búlọ́ọ̀kù tútù lé, tó ń jẹrà? Móòdù, irin tí a ń rọ búlọ́ọ̀kù sínú rẹ̀, tó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ títí búlọ́ọ̀kù yóò fi máa tóbi ju ìwọ̀n lọ, tí yóò máa jẹ sìmẹ́ǹtì wa láìsọ̀rọ̀? Èyí tó fọ́ nígbà tí wọ́n ń kó o sọ́kọ̀? Owó ilẹ̀, owó ọlọ́dẹ? Owó iṣẹ́ ìwọ fúnra rẹ tó o ń dúró sóòrùn látàárọ̀?

Lẹ́yìn náà ni ìṣirò dé. Ẹ jẹ́ ká fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ lásán: bí ohun tó wọnú búlọ́ọ̀kù kan bá jẹ́ ₦400, tó o sì ń tà á ní ₦450, ₦50 ló kù. Bí owó ilẹ̀, owó ọlọ́dẹ àti àwọn ìnáwó tí kì í yẹ̀ bá jẹ́ ₦150,000 lóṣù, búlọ́ọ̀kù 3,000 lo gbọ́dọ̀ tà kó o tó bọ́ nínú gbèsè oṣù yẹn. Èrè ò tíì bẹ̀rẹ̀. Wàyí o, oníbàárà dé, ó ní kó o bá òun yọ ₦20 lórí ẹyọ kan. Bó o bá gbà fún un, 3,000 ti di 5,000. Ẹni tó mọ èyí á rẹ́rìn-ín músẹ́, á bẹ oníbàárà dáadáa, kò sì ní gbà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á gbà, nítorí kí ọjà má bàa lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò. Bí alẹ́ bá wá lẹ́, tówó ò pé, ibo ló máa ti yọ ọ́? Yanrìn ò ṣeé dín kù. Inú àpò sìmẹ́ǹtì lọwọ́ máa lọ.

Ohun tí mo rí gbá mú lọ́dún yìí nìyẹn, mo sì ń sọ ọ́ fẹ́nikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́: búlọ́ọ̀kù tó ń fọ́, inú ìwé owó ló ti kọ́kọ́ fọ́. Bí ilé bá wó, olè là ń pe ẹni tó kọ́ ọ. Olè wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn ọmọlúwàbí tó ń ta búlọ́ọ̀kù tí kò dára, tó jẹ́ pé wọn ò jókòó ṣírò rí, iye tí aládùúgbò ń tà ni wọ́n ń tà, aládùúgbò náà ò sì ṣírò tiẹ̀. SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ní ìlànà fún búlọ́ọ̀kù, NIS 87 lorúkọ rẹ̀. Ìlànà ò lè dúró lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ iye tí ìlànà náà máa ná an.

Ìdí nìyí tó fi ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ò ka ẹ̀kọ́ òwò kún. Wọ́n á kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn sí gbọ̀ngàn kan, wọ́n á ka nóòtì, àwọn ọmọ á kọ ọ́, wọ́n á dà á padà lọ́jọ́ ìdánwò. Ètò òwò tí wọ́n ń fi sílẹ̀, ilé búrẹ́dì, ẹja àrọ̀ àti adìyẹ ló kún un, ọmọ Civil kan kọ ọ́, ìyókù dà á kọ. Bẹ́ẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó lè ṣírò irin inú bíìmù kan kò lè sọ iye tó máa gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá ní kó wá bá òun da gọ́tà iwájú ilé. Ìjọba ò ní iṣẹ́ tó pọ̀ tó láti fún gbogbo wa. Ọ̀pọ̀ wa, ọ̀dọ̀ ara wa la ó ti ṣiṣẹ́, nínú irú òwò tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 10, tí SMEDAN, àjọ ìjọba tó ń rí sí òwò kéékèèké, ń kà mọ́ àwọn tó kéré gan-an. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Kí olùkọ́ kọnkéré àti olùkọ́ òwò jókòó pọ̀, kí wọ́n fún wa ní iṣẹ́ àṣetiléwá kan péré: po ó, tẹ̀ ẹ́ fọ́, ṣírò ohun tó ná ọ, dá iye lé e, kó o wá gbèjà iye yẹn níwájú kíláàsì. Mo ti sọ ọ́ fún méjì nínú wọn. Ọ̀kan ti ní ká jẹ́ kí sáà tuntun dé.

Mo ṣe SIWES oṣù mẹ́rin mi náà lọ́dún yìí, ìyẹn iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ ṣe níta kó lè fojú rí ohun tó ń kọ́, níbi iṣẹ́ gọ́tà kan lápá Ọ̀fà. Lẹ́fẹ́lì, ẹ̀rọ tí a fi ń wo bí ilẹ̀ ṣe ga sí, ni mo dúró tì jù. Omi kì í gbẹ̀bẹ̀. Bí ojú gọ́tà bá ṣì pẹ̀lú ìwọ̀n ìka méjì péré, inú ilé ẹlẹ́ni lomi ń lọ.

Ohun tí ọdún gbà lọ́wọ́ mi kò kéré. Ọjọ́ Sátidé tèmi ti kúrò lára ọjọ́ òde. Mi ò dé ọ̀pọ̀ ìkómọ àti ìyàwó tó yẹ kí n dé, àwọn kan nínú mọ̀lẹ́bí sì bínú. Mo bẹ̀ wọ́n, mo tún ń bẹ̀ wọ́n níbí. Ọkọ mi ló ń se oúnjẹ ọ̀sán fáwọn ọmọ lọ́jọ́ kíláàsì. Ọlọ́run á bá mi san án fún un.

Lọ́dún tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, n ó parí ND, a ó sì lọ forúkọ iléeṣẹ́ wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ tó ń ka Civil, tó ń wá ibi tí yóò ti ṣe SIWES, àyè wà fún méjì lọ́dọ̀ wa láti oṣù kẹta. Ìdajì ọ̀sẹ̀ níbi ẹ̀rọ, ìdajì nídìí ìwé owó. Kó máa mú kaakulétọ̀ bọ̀.