Mo Lọ Wo Bàálù, Morris Ni Mo Bá Pàdé

Nítorí ọmọ mi ni mo ṣe lọ. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé èmi àti ariwo ò jọ rìn, bàálù tó sì gbéra, tó ń takìtì lójú ọ̀run, tí kò gbé èrò kankan lọ síbì kankan, kò yé mi rárá. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹta ni ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ti ń fi “Mọ́mì, Cosford ńkọ́?” jí mi láàárọ̀, títí apá mi fi rọ. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ibùdó àwọn ológun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, RAF, ni Cosford, ní agbègbè Shropshire. Láti 1938 ló ti wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó ń tún bàálù ogun ṣe níṣẹ́, èèyàn ò sì lè ṣàdédé wọ ibẹ̀, àfi lọ́jọ́ Sunday kan nínú oṣù Kẹfà tí wọ́n bá ṣí géètì fún aráàlú láti wá wo bàálù tó ń dárà lójú ọ̀run.

Ọkọ̀ ojú irin la wọ̀ láti Birmingham. Inú rẹ̀ kún fún àwọn tó gbé àga, kúlà, aṣọ òjò àti ọmọ dání, bí ẹni ń lọ sí ìsọjí ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Èmi náà ò kẹ̀rẹ̀: mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́wé mẹ́fà wà nínú báàgì mi. Ní géètì, sójà kékeré kan tó ń tú báàgì wò gbé ọ̀kan sókè, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó wo ojú mi, ó tún wo ewé. Mo ní ẹ̀wà ni. Ó rọra dá a padà síbi tó ti mú un, bí ẹni tó gbé bọ́ǹbù lọ́wọ́.

Bí a ṣe wọlé, ọmọ mi ti rí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ méjì nídìí okùn tí wọ́n fi pààlà sí pápá bàálù. Mo di ẹrù. Oòrùn ń mú, mo gba ẹ̀yìn ilé gàgàrà kan tí wọ́n ń kó bàálù sí, òjìji ni mò ń wá. Ibẹ̀ ni mo ti rí wọn.

Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ni. Wọ́n tò wọ́n sórí koríko ní ìlà mẹ́ta, bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn ṣí sílẹ̀ bí ẹnu ọmọ ẹyẹ tó ń retí oúnjẹ. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, bàbá tàbí ìyá kan jókòó, fíláàsì tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àkísà lọ́wọ́.

Jaguar E-Type pupa kan ni èrò ṣù bò. Ẹ má bá mi jà, ọkọ̀ náà dára. Malcolm Sayer tó ya ìrísí rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ bàálù Bristol kó tó dé Jaguar, ó sì hàn lára ọkọ̀ náà pé ẹni tó mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣàn ló yà á. Ó gùn, ó ń yọ̀, kò síbi tí eṣinṣin lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n n kò rí ọ̀kan rí ní gbogbo ìgbà èwe mi n’Ìbàdàn. Mo kọjá.

Land Rover ló kọ́kọ́ dá mi dúró, irú èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 1948, aláwọ̀ ewé. Ẹni tó ni ín fi èékánná kàn án lára, ó ní kí n gbọ́: kì í ṣe irin. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, irin wọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àṣẹ ìjọba ni wọ́n fi ń rà á, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe bàálù wà nílẹ̀. Òun ni ilé iṣẹ́ Rover fi ṣe ara ọkọ̀. Ọ̀dà náà ńkọ́? Ó ní èyí tí wọ́n fi ń kun inú bàálù ogun ni, tó ṣẹ́ kù. Solihull ni wọ́n ti ṣe é, nínú ilé tí wọ́n kọ́ fún iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì bàálù nígbà ogun. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni mò ń gbà kọjá lọ síbi iṣẹ́ láti ọdún wo! Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tó pa ọkọ̀ oko pọ̀ mọ́ bàálù níbẹ̀.

Lọ́rí Bedford àwọn ológun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò wò. Ilé iṣẹ́ Vauxhall ní Luton ló máa ń ṣe Bedford nígbà náà, nǹkan bí 250,000 ni wọ́n ṣe fún ogun náà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ wa, káfíńtà á wá fi pákó kan ilé lé e lẹ́yìn, á to bẹ́ǹṣì sí i, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ á so rọ̀ mọ́ ọn, ó di bọ̀lẹ̀kájà. Mo wo orí rẹ̀ títí. Ibi tó yẹ kí “Ẹ̀dá ò láròpin” wà, nọ́ńbà ológun ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ìjàpá Volkswagen méjì náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ni ọ̀kan ní kòkòrò ni wọ́n ń pè é lédè tiwọn. Mo ní ìjàpá là ń pè é nílé, ó rò ó wò, ó ní àwa la gbà á. Peugeot 504 ni mo wá títí tí n kò rí. Ẹ gbọ́, ọkọ̀ wo ló tún jẹ́ ọkọ̀? Kàdúná la ti bẹ̀rẹ̀ sí í to tiwa ní 1975, ó sì gbé gbogbo Nàìjíríà láti Èkó dé Màídúgùri.

Ìparí ìlà kẹta ni mo ti rí Morris Minor. Aláwọ̀ eérú. Ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò lọ mọ́.

Bàbá mi ní ọ̀kan. Tíṣà ni wọ́n, àlòkù ni wọ́n rà á ní 1974. Sítátà rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ rí. Láràárọ̀, kí a tó kúrò ní Òkè-Àdó, àwọn ẹ̀gbọ́n mi mẹ́ta á bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé lọ́rùn, wọ́n á tì í, Bàbá á máa pariwo látojú fèrèsé, “Ẹ tún tì í! Ẹ tún tì í!”, títí á fi húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáhùn. Èmi àbíkẹ́yìn, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo máa ń jókòó sí, tèmi ti àpò ìwé gbogbo wọn. N kò tì í lọ́jọ́ kan.

Mo bẹ̀rẹ̀ wo àmì iwájú rẹ̀. Akọ màlúù pupa tó ń la omi kọjá ni, torí Oxford ni wọ́n ti ń ṣe Morris nígbà náà, ibi tí màlúù ti ń la odò sì ni orúkọ ìlú náà túmọ̀ sí. Ní kékeré, màlúù Fúlàní ni mo pè é. Mo fọwọ́ tọ ààrin bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìlà pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tó gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo wa nílé la gbà pé panẹbítà ló ṣe é, pé ọkọ̀ Bàbá ti forí gbá nǹkan rí kí wọ́n tó rà á. Bàbá tó ni ti Cosford rẹ́rìn-ín. Ó ní Alec Issigonis tó ya ọkọ̀ náà ti ṣe àkọ́ṣe rẹ̀ tán kó tó rí i pé ó tín-ín-rín jù, ló bá ní kí wọ́n là á sí méjì lóòró, kí wọ́n máa sún méjèèjì kúrò lára ara wọn títí yóò fi wu òun. Ìǹṣì mẹ́rin ni. Ibi tí wọ́n ti dí àlàfo yẹn ni mo fọwọ́ tọ̀. Òun náà ló sì wá di ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe tó mílíọ̀nù kan. Panẹbítà tí mo ti ń bú láti kékeré, ẹ forí jì mí.

Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó tẹ nǹkan kan, apá pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan yọ jáde lára òpó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, iná nínú rẹ̀, bí ọmọ tó ń nawọ́ ní kíláàsì.

“Trafikétọ̀!” Ẹnu mi ló yọ ọ́.

Bàbá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ da tíì nù. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ẹni tí kò ní irú ọkọ̀ yìí. Mo ní n’Ìbàdàn, ọkọ̀ tó jáde lánàá gan-an, trafikétọ̀ ni gbogbo dẹ́rẹ́bà ń pe iná tí wọ́n fi ń yà. Ẹni tó kọ́ mi ní ọkọ̀ níbí ní òun ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, ó rò pé mo dá a sílẹ̀ ni. Nǹkan náà ti kúrò lára ọkọ̀. Orúkọ rẹ̀ ló sá wá bá wa.

Ó bi mí pé ọkọ̀ bàbá mi ńkọ́. Mo ní ó kú sẹ́nu iṣẹ́. Ó káàánú. Èmi ò káàánú. Tirẹ̀ ń dán torí pé ó ń sinmi, òjò ò gbọdọ̀ pa á. Tiwa gbé ọmọ ilé ìwé, ó gbé iṣu láti Ọ̀yọ́, ó gbé ìyàwó. Nígbà tó sì dákẹ́, ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ di àga lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ilẹ̀kùn rẹ̀ kan di ti ilé adìẹ màmá mi. Ta ló tún fẹ́ kó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ó ní kí n wọlé, kí n ṣáná sí i. Bọ́tìnì tí wọ́n ń fà ni sítátà rẹ̀, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Mo fà á. Ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà! Ìgbà yẹn gan-an ni Red Arrows, àwọn bàálù RAF tó ń dárà, gba orí wa kọjá, mẹ́sàn-án, pẹ̀lú èéfín pupa, funfun àti búlúù. Ariwo wọn bo ti Morris mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo mọ̀ pé kò tíì kú. N kò wòkè.

“Mọ́mì, ṣé ẹ rí wọn?” Ọmọ mi ń mí hẹlẹ.

Mo ní mo rí wọn. Mo fún bàbá náà ní mọ́ínmọ́ín méjì, mo sì fi hàn án bí wọ́n ṣe ń tú ewé.

Lórí ìlà àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin, ìlà tí kò fẹ́ tán, mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí bọ̀dá mi àgbà n’Ìbàdàn. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n fi pè. Mo ní Morris ni, àwọ̀ ti Bàbá gan-an, èmi fúnra mi ni mo ṣáná sí i, ó sì dáhùn.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

“Ta ló tì í?”