Ọjọ́ mẹ́ta tí ọmọ aláró lò ní Tanja

Kí n tó kúrò ní Òṣogbo, mo ti sọ fún ìyá mi pé owó tó wà lọ́wọ́ mi kò ju èyí tí yóò gbé mi dé Casablanca ní ilẹ̀ Mòrókò lọ, níbi tí mo ti fẹ́ bá àwọn oníbàárà kan sọ̀rọ̀ nípa àdìrẹ, tí yóò sì gbé mi padà wálé. Ìyá mi, tí mo gbọ́njú bá nídìí ìkòkò aró, kò bá mi jiyàn. Ohun kan ṣoṣo tí ó bi mí ni pé ṣé kò sí ìlú etíkun kan nítòsí ibẹ̀ tí wọ́n ti ń hun aṣọ, nítorí ó dá a lójú pé ibi tí ọkọ̀ ojú omi bá ti ń gúnlẹ̀, aṣọ kò ní ṣàì sí níbẹ̀. Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé Tanja, ìlú èbúté tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Tangier, ní igun àríwá ilẹ̀ Mòrókò, níbi tí Òkun Àtìláńtíìkì àti Òkun Mẹditaréníà ti pàdé.

Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń yà sí ìsọ̀ wa ní Òkè-Bálẹ̀ kò yé bi mí pé mílíọ̀nù mélòó ni mo ná, àwọn ni mo sì torí wọn kọ èyí. Ọkọ̀ òfuurufú láti Èkó dé Casablanca àti físà ni wọ́n jẹ owó, n kò ní parọ́ fún ẹnikẹ́ni lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ tàbí òwò bá ti gbé dé Casablanca, tí ó sì lè ya ọjọ́ mẹ́ta sọ́tọ̀, owó táṣẹ́rẹ́ tó o láti rí Tanja, bí ó bá gbà láti fi ẹsẹ̀ rìn, kí ó sì jẹun níbi tí àwọn ará ìlú ti ń jẹun.

Al Boraq ni ọkọ̀ ojú irin tí mo wọ̀. Orúkọ yìí kò lè ṣàjèjì sí ẹni tó bá lọ sí ilé kéwú, nítorí Búráàkì ni ohun ìgùn Ànábì ní òru Mìráàjì. Ọdún 2018 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òun sì ni ọkọ̀ ojú irin eléré àsápajúdé àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Láàrin ìlú Kenitra sí Tanja, eré rẹ̀ máa ń tó 320 kìlómítà ní wákàtí kan, gbogbo ìrìn náà láti Casablanca kò sì ju wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹni tó bá tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì máa ń rí i rà ní owó tó dínkù, nítorí náà mo ti ra tèmi sílẹ̀ ní ipò kejì kí n tó kúrò nílé. Bí mo ṣe jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ọkàn mi kò kúrò lára ojú irin tiwa. Ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, òun ló sì sọ ìlú wa di ọjà ńlá, ṣùgbọ́n lónìí, ìgbà ọdún tí ìjọba ìpínlẹ̀ bá ṣètò ọkọ̀ ọ̀fẹ́ láti Èkó ni púpọ̀ nínú wa ń rántí pé ojú irin ṣì wà. Ó dùn mí gan-an. Mo wò ó pé bí ìlú kan ní Áfíríkà bá lè ṣe é, kò sí ìdí tí tiwa kò fi ní ṣe é.

Inú ìlú àtijọ́ tí odi yí ká, tí wọ́n ń pè ní Medina, ni mo sùn sí, ní ilé àlejò kékeré kan tí obìnrin mẹ́rin ti ń pín yàrá kan lò. Owó ibùsùn kan níbẹ̀ kò tó ìdajì owó yàrá ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì etí òkun, ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé àtẹ̀gùn ibẹ̀ ga, ẹni tí orúnkún bá ń dùn kò ní gbádùn rẹ̀. Àwọn ọ̀nà Medina rí bí ọ̀nà àárín agboolé wa, wọ́n tóóró, wọ́n ń yí, wọ́n sì ń gòkè. Ní alẹ́ tí mo dé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ fún mi pé ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà ti dí, ó mú mi yí kiri fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, ó sì béèrè owó tó ju ti ibùsùn mi lọ. Mo fún un ní díẹ̀, mo sì fi Lárúbáwá ilé kéwú kí i pé Ọlọ́run yóò san án fún un. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni mo rí i pé ọ̀nà náà kò dí rárá. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì máa bá ọ̀nà yín lọ.

Oúnjẹ ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Ní àárọ̀, mo tẹ̀lé àwọn òṣìṣẹ́ èbúté kan wọ ilé oúnjẹ kékeré kan tí kò ní àkọlé, níbi tí ìkòkò kan ṣoṣo wà lórí iná. Bissara ni wọ́n ń tà. Ẹ̀wà gbígbẹ tó fẹ̀, tí a kò ní irú rẹ̀ nílé, ni wọ́n sè títí tí ó fi di ọbẹ̀ tó ki, wọ́n da òróró ólífì lé e, wọ́n fi èròjà kúmínì àti ata gbígbẹ wọ́n ọn lórí, wọ́n sì gbé búrẹ́dì róbótó tì í. Gbẹ̀gìrì ni mo rí. N kò sọ pé ó jọ gbẹ̀gìrì lójú nìkan. Bí ó ṣe ń fà lórí ahọ́n, tí ó sì ń mú ikùn gbóná kí oòrùn tó ràn dáadáa, bí tiwa náà ni, kìkì pé kò sí ewédú tí yóò bá a rìn. Dírámù mẹ́wàá, owó ilẹ̀ Mòrókò, ló tó mi fún àwo kan, búrẹ́dì wà nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tí mo tún jẹ títí di ìrọ̀lẹ́. Àárọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo padà síbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, bàbá tó ń bu ọbẹ̀ kò béèrè nǹkan kan mọ́, ó kàn gbé àwo mi wá.

Ọjọ́bọ̀ ni mo jáde lọ sí gbàgede tí wọ́n ń pè ní Grand Socco, ó sì bọ́ sí ọjọ́ tí àwọn obìnrin orí òkè máa ń sọ̀kalẹ̀ wá ná ọjà. Fìlà koríko ńlá tí òwú aláràbarà so mọ́ ni wọ́n dé, aṣọ onílà pupa àti funfun ni wọ́n ró mọ́ ìdí, wọ́n sì pàtẹ ewébẹ̀, náànáà tí wọ́n fi ń se tíì, àti wàrà funfun tí wọ́n tẹ́ sórí imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n hun. Mo ra wàrà díẹ̀. Kò le tó wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé kiri ní Òṣogbo, kò sì ṣe é dín, ṣùgbọ́n pẹ̀lú búrẹ́dì, ó di oúnjẹ alẹ́ mi.

Lẹ́yìn gbàgede náà ni mo rí ohun tí ìyá mi rán mi wá wò. Ilé àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Fondouk Chejra. Irú ilé yìí ni àwọn oníṣòwò ti máa ń dé sí láyé àtijọ́, pẹ̀lú ẹran ìgùn wọn nísàlẹ̀ àti àwọn fúnra wọn lókè. Lónìí, àwọn ahunṣọ ló ń lo òkè rẹ̀. Kí n tó gun àtẹ̀gùn tán ni mo ti ń gbọ́ ìró òfì, ìró igi tó ń lu òwú ní ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, tí ó sì ń dákẹ́ díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti dé Ìséyìn rí yóò ṣe mọ̀ ọ́n. Òfì wọn fẹ̀ ju ti àwọn ọkùnrin wa lọ fíìfíì, aṣọ tó sì ń ti orí rẹ̀ jáde lè bo ibùsùn láìjẹ́ pé a so awẹ́ rẹ̀ pọ̀.

Bàbá àgbàlagbà kan pè mí jókòó. Faransé àti Sípáníìṣì ló gbọ́ mọ́ èdè tirẹ̀, èmi kò sì gbọ́ èyíkéyìí dáadáa nínú wọn, nítorí náà ọwọ́ la fi sọ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wa. Mo fa àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan yọ nínú àpò mi, iṣẹ́ ọwọ́ ìyá mi. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó fi àtàǹpàkò ra á, ó gbé e sí imú, ó sì sọ pé, “Nila.” Orúkọ tí wọ́n ń pe aró nìyẹn. Mo mi orí. Ó pe àwọn tó kù, wọ́n sì yí aṣọ náà ká, wọ́n ń tọ ipa ìyẹ́ adìẹ tí ìyá mi fi kọ ẹ̀kọ lé e. Ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún fún omi. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ tí wọ́n ń ki Òṣogbo ní ìlú aró, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí i kí aró wa máa dá ara rẹ̀ fihàn níwájú àwọn tí kò gbọ́ èdè wa. Mo ra aṣọ òwú funfun kan lọ́wọ́ bàbá náà, láìdúnàá-dúrà púpọ̀. Òun nìkan ni ẹrù tí mo rà ní gbogbo ìrìn àjò yìí.

Ọjọ́ Jímọ̀ yàtọ̀. Lẹ́yìn ìrun, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ nínú Medina ni wọ́n tì, àwọn ìdílé sì lọ sílé lọ jẹ kúskúsù, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ rajà kò gbọdọ̀ fi í sí ọ̀sán ọjọ́ náà. Mo fi àkókò yẹn wá ibojì arìnrìn-àjò àtijọ́ nì, Ibn Battuta, ilé kékeré kan nínú àwọn ọ̀nà tóóró, tí àwọn ará ìlú gbà pé inú rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Tanja ni wọ́n bí i sí ní 1304, ó kúrò nílé ní 1325 láti lọ ṣe Háájì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rin gbogbo ayé tó wà lójú ọ̀nà Mùsùlùmí. Ní 1352, ó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Mali, ní apá ọ̀dọ̀ tiwa. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀bùn ìkíni káàbọ̀ ọba Mali dé, òun rò pé aṣọ àti owó ni yóò jẹ́, àfi búrẹ́dì mẹ́ta, ẹran màlúù tí wọ́n fi òróró dín, àti igbá wàrà kíkan kan, òun sì bú sẹ́rìn-ín. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì àti wàrà nínú àpò mi, mo sì rò ó pé ọba yẹn kò ṣe ohun tó burú. Oúnjẹ tí ìlú ń jẹ ni ó gbé fún àlejò.

Láti 1923 títí di 1956, àwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan ni wọ́n jọ ń ṣàkóso Tanja. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi máa rí àkọlé Sípáníìṣì àti Faransé lára àwọn ilé àtijọ́ ní apá ìlú tuntun.

Ní ìrọ̀lẹ́ tó kẹ́yìn, mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Café Hafa, tó ti wà láti 1921 ní etí òkè tó dojú kọ òkun. Àtẹ̀gùn ni wọ́n gé sára òkè náà, tábìlì wà lórí ìpele kọ̀ọ̀kan, ife tíì aláwọ̀ ewé tó kún fún náànáà kan sì tó ènìyàn láti jókòó títí oòrùn yóò fi wọ̀. Nítòsí ibẹ̀ ni àwọn ibojì tí àwọn ará Fòníṣíà ayé àtijọ́ gbẹ́ sínú àpáta wà, tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú máa ń jókòó yí ká láti wo òkun. Kò sí ẹni tó ń gba owó níbẹ̀. Ilẹ̀ Sípéènì hàn lódìkejì bí òkè tí a rí láàrin ọyẹ́.

Mo ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù nígbà tí mo gbọ́ lẹ́yìn mi pé, “Ẹ kú ìrìn o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ará Òṣogbo ni yín?” Ọmọkùnrin kan ni, kò lè tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó sì ti dọ̀bálẹ̀ kí n tó dáhùn. Ìkìrun ni wọ́n bí i sí. Ó ti lo ọdún méjì ní Mòrókò, iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe, òun àti ọ̀pọ̀ àwọn mìíràn sì ń gbé yàrá kan ní ẹ̀yìn ìlú. Mo ra tíì àti búrẹ́dì fún un. Ó na ọwọ́ sí òdìkejì omi, ó ní, “Àǹtí, níbi tó ti tóóró jù, kìlómítà mẹ́rìnlá péré ni. Ó kúrú ju Ìkìrun sí Òṣogbo lọ.”

N kò mọ èsì tí mo lè fọ̀. Ìwé ìrìnnà mi wà nínú àpò, tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ mi wà nínú rẹ̀, èmi tí mo wá ná owó kékeré fún ìgbádùn sì jókòó pẹ̀lú ọmọ ìyá mi tí ó ń fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ wo omi tó lè gbé e mì. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó má wọ ọkọ̀ rọ́bà. Mo bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ àbúrò. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kò ṣe ìlérí, n kò sì fi agbára mú un ṣe é. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó sìn mí dé ẹnu odi Medina, ó lọ, ó sì padà dé pẹ̀lú páálí tíì kan tí ó ní kí n gbé fún ìyá òun.

Mo ti padà dé Òṣogbo báyìí. Ìyá mi fa òwú kan yọ létí aṣọ funfun tí mo rà, ó tanná ràn án, ó sì gbọ́ òórùn èéfín rẹ̀ bóyá irun àgùntàn ni wọ́n fi dàbùlà. “Òwú gidi ni,” ni ó wí, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi tì í bọ inú ìkòkò. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ó rẹ ẹ́. Ó ń gbẹ lórí okùn lẹ́yìn ilé bí mo ṣe ń kọ èyí, ọ̀la ni mo sì fẹ́ gé ìdajì rẹ̀ lọ sí Ìkìrun, pẹ̀lú páálí tíì náà.